Màlúù Alárinà Ilé Tandavarayan

Nígbà ayé Tandavarayan, ẹyẹ tí ó bá gbéra ní bèbè odò Kaveri láàárọ̀ kò lè fò kúrò lórí oko ìrẹsì rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Bàbá náà ni wọ́n máa ń wé láwàní àkọ́kọ́ fún ní ọjọ́ ọdún òrìṣà. Ọkọ̀ òrìṣà ìlú náà ga ju igi àgbọn lọ, igi gbígbẹ́ ni láti òkè délẹ̀, gbogbo ìlú ní í fi okùn fà á. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá tíì wé láwàní fún orí kan láti ilé Tandavarayan, kò sí ọmọ ènìyàn tí yóò fọwọ́ kan okùn náà, ìbáà ṣe ọba.

Akilandam mọ ìtàn yìí bí ó ti mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ìṣojú bàbá náà ni wọ́n ti gbé e wọlé ní ìyàwó Sokkalingam, àkọ́bí ọkùnrin, nígbà tí ìkòkò bàbà ṣì kún yàrá dé àjà.

Ọmọkùnrin méjì ni bàbá fi sáyé lọ. Láwàní kan ṣoṣo ni ó fi sílẹ̀ fún wọn. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Sokkalingam ní òun ni àkọ́bí. Tirumeni, àbúrò rẹ̀, ní ọwọ́ òun ni bàbá kú sí. Ẹjọ́ náà gba Tanjore, ó dé Madras, níwájú àwọn adájọ́ òyìnbó tí kò fojú kan ọkọ̀ òrìṣà rí. Oko etí odò di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún lọ́yà ẹ̀gbọ́n. Oko ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì di ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin fún lọ́yà àbúrò. Nígbà tí ìdájọ́ yóò fi jáde, adájọ́ ní kí wọ́n máa wé láwàní méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdájọ́ náà dọ́gba. Òṣì tí ó wọlé tẹ̀ lé e dọ́gba pẹ̀lú, kò ṣe ojúsàájú. Ìkòkò bàbà tán. Ògiri kan dìde láàrin àgbàlá, àwọn ọkọ sì kú ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, wọ́n fi opó kan sílẹ̀ ní ìhà kọ̀ọ̀kan ògiri.

Ní ọjọ́ ìdájọ́ náà gan-an ni Akilandam ti búra níwájú òrìṣà Mari pé òun kò ní bá Deivanai, aya Tirumeni, sọ̀rọ̀ mọ́ láyé, àfi bí Deivanai bá kọ́kọ́ la ẹnu sí òun. Nígbà tí Deivanai gbọ́, òun náà lọ síwájú òrìṣà kan náà, ó búra kan náà. Kí ni Mari fẹ́ ṣe sí i?

Ṣùgbọ́n kànga kan ṣoṣo ni opó méjèèjì jọ ń pọn, ọ̀rọ̀ kò lè ṣàìkàn wọ́n. Nígbà tí òjò sì wó apá kan ògiri, tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ fi owó tirẹ̀ mọ ọ́n, Akilandam so Sengamalam, màlúù pupa rẹ̀, mọ́ ojú ihò náà. Láti ìgbà náà, màlúù di alárinà.

“Sengamalam, sọ fún ará òdìkejì yẹn pé èéfín ìdáná rẹ̀ ń ta mí lójú,” Akilandam a wí.

“Sengamalam, sọ fún ẹni tó rán ọ pé kó gbé ojú ọ̀hún kúrò níbi ihò,” Deivanai a fèsì.

“Sengamalam, bi í pé ata mélòó ló dà sínú ọbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi ń sín.”

“Sengamalam, sọ fún un pé ẹni tí kò rówó ra ata kì í mọ òórùn rẹ̀.”

Màlúù a máa jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Ní ọdún tí ó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà ta kókó. Tirumeni ti kú láìní ọmọ, Deivanai sì lọ yá orí ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ọkùnrin láti ìlú mìíràn wá kí ó gba láwàní ilé àbúrò. Ìjà bẹ́ níwájú òrìṣà. Láwàní já sí méjì, àkókò rere tí àwòrò wò kọjá, ọkọ̀ òrìṣà dúró gbagidi títí ilẹ̀ fi ṣú. Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó bínú. Bí ọdún tún ti kù fẹ́ẹ́fẹ́, àwọn olùtọ́jú tẹ́ńpìlì pe opó méjèèjì jọ. Wọ́n ní láwàní kan ṣoṣo ni ti ọdún yìí. Bí ilé méjèèjì bá fi ẹnu kan fa orí kan kalẹ̀, kò burú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Kadirvel ni yóò gbà á, láti ọdún yìí títí ayé, nítorí òun ni ó ra okùn tuntun fún ọkọ̀ òrìṣà.

Kadirvel! Ẹni tí bàbá rẹ̀ máa ń ru òróró wá sí ẹ̀yìnkùlé Tandavarayan, tí ó máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan kí ó má baà sọ ilẹ̀ di ẹlẹ́gbin! Kadirvel lọ sí Rangoon lókè òkun, ó ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú eyín wúrà àti aago ògiri tí ó ń dún jẹ àwọn aládùúgbò níyà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Akilandam lọ sí ojú ihò.

“Sengamalam, sọ fún un pé Marudamuttu ọmọ mi ni orí tó kù nílé yìí. Kó jẹ́ kó gba láwàní, kí ojú má tì wá.”

“Sengamalam, bi í pé kí ni ilé tèmi fẹ́ gbà? Iyanrìn odò?”

“Sengamalam, sọ fún un pé ká fẹ́ràn ara wa ju ọmọ olóròóró lọ.”

“Sengamalam, ìfẹ́ ti ìgbà wo nìyẹn? Ti ìgbà tí wọ́n ń fa láwàní ya mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí?”

Ọ̀rọ̀ kò wọ̀. Ní ọjọ́ kejì, alágbàtà màlúù kan yà wọlé, ó dá owó tí ó pọ̀ jù lé màlúù tí ó ti darúgbó. Akilandam wo aṣọ tí Marudamuttu fẹ́ fi gba láwàní: ihò inú rẹ̀ pọ̀ ju òwú lọ. Ó ta màlúù, ó ra aṣọ ṣẹ́dà.

Marudamuttu, tí ó ń ta kọfí ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ni ó mú ìròyìn bọ̀ nílé.

“Ìyá, mo rí Sengamalam.”

“Níbo?”

“Lẹ́nu ọ̀nà Kadirvel. Wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn. Ó ní kí n kí yín. Ó ní ẹ̀yin àti Ìyá Kékeré, kí ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.”

Akilandam jókòó pẹ̀ẹ́ sílẹ̀. Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e: ọwọ́ ara òun ni òun fi ta ahọ́n òun fún ọ̀tá. Ó gbé ojú sí ihò ògiri, ó rí Deivanai lódìkejì, tí ó ń da ìrẹsì sílẹ̀ fún ẹyẹ kannakánná, oúnjẹ òkú ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọkùnrin ni. Kò sí ọmọkùnrin nílé náà. Marudamuttu ni ó dáná sí igi tí wọ́n fi sun òkú Tirumeni lọ́dún tó kọjá. Ta ni yóò dá ti Deivanai? Akilandam mọ̀ nísinsìnyí pé kì í ṣe láwàní ni obìnrin náà ń sunkún rẹ̀. Ó sì rántí ohun kan tí àwọn àgbà máa ń ṣe nígbà tí ọmọ kan bá ṣẹ́kù fún ọmọ ìyá méjì. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun náà ní.

Kò sí màlúù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fọwọ́ mú ọmọ odó kan dúró sí ojú ihò ògiri.

“Ìwọ ọmọ odó yìí,” ó ní, pẹ̀lú gbogbo iyì ilé Tandavarayan, “sọ fún un pé bí ó bá fẹ́, kí Marudamuttu di ọmọ ilé méjì. Kí ó máa bọ òkú tèmi, kí ó máa bọ òkú tirẹ̀. Orí kan, ìyá méjì. Kó sì gbọ́ pé mi ò bẹ̀ ẹ́ o.”

Ohùn Deivanai ti òdìkejì wá:

“Ìyáàlé, ṣé orí yín pé? Láti ìgbà wo ni ọmọ odó ti ní etí?”

Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ Akilandam.

“Ó ti sọ̀rọ̀ o! Mari, ẹ gbọ́ o! Òun ló kọ́kọ́ la ẹnu!”

“Ọmọ odó ni mò ń bá wí!”

“Ọmọ odó ni ìyáàlé rẹ?”

Deivanai gbìyànjú láti bínú, ẹ̀rín sì gbà á lọ́nà. Nígbà tí ó nu ojú rẹ̀ tán, ó sún mọ́ ihò náà.

“Ìyáàlé, ṣé òótọ́ ni? Ẹyọ kan tí ẹ bí?”

“Ọmọ kì í ṣe ìrẹsì,” Akilandam dáhùn, “kì í tán bí a bá pín in.” Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ó sì húkọ́ láti fi bò ó.

Láti fi ìdí ọmọ tí wọ́n jọ ní múlẹ̀, àwòrò da omi sí ọwọ́ ìyá tí ó fúnni, omi náà ṣàn bọ́ sí ọwọ́ ìyá tí ó gbà. Ní ọjọ́ ọdún, Kadirvel ti gé irun, ó ti fi òróró pa orí títí ó fi ń dán bí ìkòkò bàbà. Ó na orí náà síwájú. Àwọn olùtọ́jú tẹ́ńpìlì béèrè orí ta ni ilé méjèèjì fà kalẹ̀.

“Orí ọmọ mi!” ni opó méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì wo ara wọn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jà. Wọ́n wé láwàní fún Marudamuttu. Ó fọwọ́ kan okùn tuntun tí Kadirvel rà, gbogbo ìlú sì fà á, ọkọ̀ òrìṣà mì, ó ké, ó sì gbéra.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ìjà tuntun ti dé. Akilandam a bu oúnjẹ àárọ̀ fún ọmọ. Deivanai a ní ọbẹ̀ yẹn kò níyọ̀, a bu tirẹ̀ lé e. Marudamuttu ń sanra, inú rẹ̀ ń run ún, kò sì lè ṣẹ́ ìyá kankan. Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Kadirvel fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa okùn Sengamalam lọ́wọ́. Ojú ọkùnrin náà ti rù. Láìmọ̀, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí bàbá rẹ̀.

“Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba màlúù yín. Mi ò béèrè owó.”

“Kí ló ṣe?” ni Akilandam bi í.

“Láti ọjọ́ tí mo ti so ó mọ́ àgbàlá mi, ìyá mi àti ìyàwó mi kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Òun ni wọ́n ń rán. Àná ni ìyá mi ní kí ó sọ fún ìyàwó mi pé òun ń lọ bá lọ́yà.”

Àwọn opó méjèèjì wo ara wọn. Akilandam gba okùn màlúù náà, ó so ó mọ́ ojú ihò ògiri, ó fi ọwọ́ pa á lórí.

“Sengamalam,” Deivanai sọ jẹ́jẹ́ láti òdìkejì, “sọ fún olówó yìí pé kó lọ wá lọ́yà tó dára. Ilé rẹ̀ ti ń di ilé ńlá.”

“Ó gbọ́,” Akilandam dá a lóhùn. “Ìyàwó, lọ sọ ọbẹ̀ rẹ kalẹ̀, ó ń jóná.”