Ajá Tó Gba Àyè Mi Nínú Ìwé Èkó

Ràṣídà, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, kí n tó gbàgbé. Mo lálàá pé ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀ sí Màrínà, ìwé ìtàn Èkó ló kó wá, ọ̀kan sì ga bí ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí. Mo ṣí i, mo wọlé. Ọkọ mi, bàbá àgbà rẹ tó ti kú, ló jókòó lójú ìwé. Wọ́n kọ “Ọ̀gá Gbogbo Èbúté” sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi tí n kò mọ a-b-d sì kà á geere.

Mo ní, “Bàbá Ràfíù, ẹ̀yin tí ẹ fi orí ru àpò ìyẹ̀fun títí orí yín fi pá?”

Ó ní, “Ìyá Ràfíù, rọra sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ń kà wá.”

Mo ní kó sún kí n jókòó tì í, ìyàwó rẹ̀ ṣáà ni mí. Ó ní kò sí àyè, ajá gómìnà òyìnbó ló wà níbẹ̀. Lóòótọ́, ajá náà nà gbalaja, ó dé fìlà, wọ́n sì kọ orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sí i.

Mo ní, “Ajá, dìde fún àgbà.”

Ó wò mí tòkè-tilẹ̀. “Màmá, ta ló mọ̀ yín?”

Mo bá ń fi ìdí tì í. Ìdajì ìdí mi ti wọ ojú ìwé, ó ku ìdajì, ni ìyá rẹ bá jí mi pé kí n wá mu ẹ̀kọ.