Aṣọ Tó Bọ́ Sílẹ̀

Nígbà tí Dígí gbé iná súnmọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò dúdú náà, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rọ tó fi ń dán ọ̀dà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ. Ó gbé iná sókè, ó tún gbé e wá sílẹ̀, ó ń fi ojú tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ náà bó ṣe ń rìn lórí ọ̀dà. Ohun tó rí kò yí padà. Ilẹ̀kùn náà, èyí tó wà lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, kún fún ìlà tín-ín-rín róbótó róbótó, ọ̀kan wọnú ọ̀kan bí òwú aláǹtakùn, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi aṣọ oníyanrìn nu mọ́tò káàkiri. Ìyẹn kì í ṣe tuntun sí i. Ogún ọdún rèé tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti ń bọ́ ọ. Bí gbogbo ènìyàn bá mọ mọ́tò fọ̀ ni, ebi ì bá ti lu òun àti ìyá rẹ̀ pa.

Ìrù tó wà ní ìparí róbótó kọ̀ọ̀kan ló mú un pa ẹ̀rọ. Ìrù náà fà sókè lọ sí apá òsì, ìlà kan sì wà ní etí rẹ̀ tó hàn ju àwọn yòókù lọ, bíi pé ìka kan le ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni Dígí mọ̀ láyé tó ń nu mọ́tò báyìí. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Alòsì nítorí pé ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Ìka tó kéré jù ní ọwọ́ náà kì í ká. Dígí ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí wọ́n ń lé ara wọn kiri inú yàrá.

Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti rí ọwọ́ náà kẹ́yìn.

Obìnrin tó gbé mọ́tò náà wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, Dígí kò rí i rí. Obìnrin kúkurú ni, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti há ohun tó fẹ́ sọ sórí kó tó kúrò nílé.

“Ẹ káàárọ̀ o, sà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dán an kó dà bíi tuntun.”

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni?”

“Gbogbo rẹ̀ ni. Àmọ́ ilẹ̀kùn yìí gan-an ni mo torí ẹ̀ wá.” Ó fi ìka kan kàn án, ó sì yára mú ìka náà kúrò. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.”

“Iṣẹ́ mi nìyẹn, mà. Tó bá di aago mẹ́rin, ẹ máa bọ̀.”

Dígí ti kà á mọ́ àwọn oníbàárà tó máa ń kọ́ oníṣẹ́ níṣẹ́. Irú wọn pọ̀. Kàkà kó wo ilẹ̀kùn náà, iwájú ló ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ náà kò fẹ́ wàdùwàdù. Ó fọ mọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì, ó nù ún gbẹ, ó fi téèpù bo etí gbogbo rọ́bà kí ẹ̀rọ má baà jó wọn. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn má wọlé, ó tan iná ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi èékánná wọ́ orí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tí èékánná bá kọ́ nínú rẹ̀ ti jìn kọjá agbára pọ́líìṣì. Ẹni tó bá fi agídí lé e yóò ha ọ̀dà náà tán ni. Èyí tí èékánná bá fò kọjá, á lọ. Ó kán pọ́líìṣì sórí fóòmù ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán an.

Ohun kan yà á lẹ́nu nígbà náà. Ẹni tó ń fọ mọ́tò yìí mọ iṣẹ́. Ìlà tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ju díẹ̀ lọ, tààrà ni gbogbo wọn sì lọ, láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí Dígí fúnra rẹ̀ ṣe máa ń fa aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òrùlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni búùtù. Nígbà tó ń ṣe òrùlé lọ́wọ́, aṣọ tó gbé kọ́ èjìká yọ̀ bọ́, ó balẹ̀. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ẹsẹ̀ ta á lọ sí kọ̀rọ̀, níbi tí àwọn àkísà tó fi ń nu táyà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báfù omi ọṣẹ tí kò tíì dà nù. Òfin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn: aṣọ tó bá ti bọ́ sílẹ̀ kò tún gbọdọ̀ kan ọ̀dà mọ́. Yanrìn ẹyọ kan péré tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ti tó láti ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́.

Òfin yìí náà ló lé Alòsì lọ.

Mọ́tò dúdú kan ni lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, onímọ́tò sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Alòsì. Ó mú un, ó gbọ̀n ọ́n nù lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi nu bọ́nẹ́ẹ̀tì káàkiri, káàkiri, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, torí inú rẹ̀ ń dùn pé iṣẹ́ parí. Nígbà tí oòrùn là sí i, gbogbo wọn ló rí ìlà róbótó tí yanrìn fà sí i. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Dígí já aṣọ náà gbà, ó fọwọ́ gbá ọwọ́ òsì àbúrò rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn, ó pariwo pé, “Mi ò fẹ́ rí àmì ọwọ́ ẹ yìí lára mọ́tò kankan mọ́ láyé mi!”

Alòsì wo ọwọ́ náà bíi pé ti ẹlòmíì ni. Kó tó di alẹ́, báàgì rẹ̀ ti kúrò nídìí ibùsùn.

Ìyá wọn kò bá Dígí jà. Ohun tó sọ kò ju ẹyọ kan lọ. “Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Ìwọ, ọwọ́ méjèèjì lo fi nà án.”

Láti ìgbà náà, kò sí mọ́tò kan tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà tí Dígí kò gbé iná yí ká ju bó ṣe yẹ lọ. Bí àwọn oníbàárà bá béèrè, á ní iṣẹ́ tó dára kì í yá. Irọ́ ni. Ìrù tó fà sí apá òsì yẹn ló ń wá. Àárò àbúrò rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé ó ti ń wá ọwọ́ ọmọ náà lára mọ́tò àwọn tí kò mọ̀ rí.

Ó sì rèé níwájú rẹ̀.

Ó fi èékánná wọ́ ọ. Èékánná fò ó kọjá. Gbogbo rẹ̀ kò ní gba ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Pọ́líìṣì ti wà lórí fóòmù, ó ń gbẹ lọ. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ẹni tó mọ aṣọ fà tààrà lórí gbogbo mọ́tò, kí ló máa mú un yí aṣọ káàkiri lórí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo? Àìmọ̀ kọ́. Ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀. Ó mú aṣọ kan, ó fi kan ilẹ̀, ó sì kọ ara rẹ̀ síbẹ̀ níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ti lè ṣe kó má rí i. Àrokò ni ilẹ̀kùn yìí. Ṣùgbọ́n kí ni ó wí? Ó lè jẹ́ pé, “Mo wà láàyè.” Ó sì lè jẹ́ pé, “Ẹ ní ẹ ò fẹ́ rí mi. Ó yá, ẹ pa mí rẹ́.”

“Kí ló dé tí ẹ̀rọ dákẹ́?” Ìyá rẹ̀ ló ń béèrè láti orí àga rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ojú ìyá kò ríran dáadáa mọ́, etí ló kù tó fi ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.

“Màmá, mo rò pé mo rí ọwọ́ Alòsì.”

Àga náà dún. Ìyá fi ọwọ́ tẹ̀ lé ògiri títí ó fi dé ìdí mọ́tò. Dígí mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀kùn. Ìyá fi pa á lọ, ó fi pa á bọ̀.

“Ó ń dán ni, ọkọ mi. Mi ò mọ nǹkan kan lára.”

“Kò jìn tóyẹn, Màmá. Iná nìkan ló ń fi í hàn.”

“Tí kò bá jìn, kí ló wá ń pa ẹ́ lẹ́kún?”

Dígí kò mọ̀ pé òun ń sunkún. Ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ó yọ fóòmù kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó fọ pọ́líìṣì ara rẹ̀ nù, ó sì lọ jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò parí kò jáde rí ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹ̀rù ń bà á pé obìnrin yẹn á bínú, á gbé mọ́tò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì tí yóò fi ẹ̀rọ gbá ilẹ̀kùn náà, gbogbo rẹ̀ á sì parí síbẹ̀. Síbẹ̀ kò dìde.

Aago mẹ́rin kò tíì lù tán tí obìnrin náà fi dé. Kò wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò wo òrùlé tó ń dán bí omi. Ìdí ilẹ̀kùn náà ló lọ tààrà, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì pẹ́ kó tó nàró.

“Ẹ ò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, sà.”

“Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ má bínú, mà. Ẹni tó nu ilẹ̀kùn yìí ni mo fẹ́ kó wá bá mi parí ẹ̀.” Dígí dìde lórí àpótí. “Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà ti há sórí pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó ṣì tutù.

“Ìyàwó yín ni mí, sà, ìyàwó àbúrò yín. Ó ní tí mo bá dé tí ẹ ti pa á rẹ́, kí n dúpẹ́, kí n gbé mọ́tò, kí n má dárúkọ òun. Ìdájí ló fi aṣọ yanrìn nù ún. Mo rò pé orí ẹ̀ ti dà rú.”

“Níbo ló wà?” Ìyá ló béèrè.

“Ó wà ní ìkóríta, Màmá. Ibẹ̀ ló jókòó sí láti àárọ̀.”

Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó nà án sí Dígí. Dígí gbé e sétí. Ó gbọ́ ìró mọ́tò tó ń kọjá, ó sì gbọ́ ẹni tó ń mí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ fún ọdún mọ́kànlá, ẹ̀bẹ̀ tó ti ń dá sọ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń pariwo, kò rí ẹyọ kan mú jáde nínú wọn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló jáde.

“Mú aṣọ tó mọ́ dání o.”

Ohùn tó dáhùn ti ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ òun náà ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá bọ́ sílẹ̀ ńkọ́?”

Dígí wo kọ̀rọ̀. Aṣọ tó ta nípàá láàárọ̀ wà níbẹ̀ láàárín àkísà. Kò ya, kò jóná. Eruku díẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Báfù omi ọṣẹ kò jìnnà sí i ju ìgbésẹ̀ kan lọ, ibẹ̀ ló sì máa ń wà lójoojúmọ́ láti ogún ọdún yìí wá.

“A máa fọ̀ ọ́,” ó wí.

Ó bẹ̀rẹ̀, fóònù ṣì wà létí rẹ̀, ó mú aṣọ náà nílẹ̀, ó sì rì í bọ omi.