Ọ̀rọ̀ Tí Màámi Kì Í Pè

Ìwé tí Adéolú kọ kí ó tó kú kò ní àmì ohùn kan ṣoṣo lórí. Ìtàn ọmọdé ni: ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò láti lọ wá bàbá rẹ̀ tó ti kú. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lábẹ́ ọ̀pẹ kan tí orí rẹ̀ yọ sí ẹnu kòtò, ìyá arúgbó kan na nǹkan sí i, ó ní: “Gba igba yii. Oun lo gbe baba re de ibi.” Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí.

Bùsáyọ̀, àbúrò rẹ̀, ló ń sọ ìwé náà di fíìmù. Igbá ló kà á sí, igbá ìmumi. Nínú ohun tó kọ, ọmọ náà bu omi ìlú òkú mu, ó gbàgbé ọ̀nà ilé, ó sì jókòó ti bàbá rẹ̀ títí láé. Ọlátúnjí, ẹni tó ń darí fíìmù, ní ìparí yẹn á mú ènìyàn sunkún. Tófúnmi, ọmọ tí yóò ṣe ọmọbìnrin náà, nìkan ni kò gbà.

“Àǹtí, àbí igba náírà ni? Ìyẹn gan-an ò lè gbéèyàn láti Ìyànà Ìbà dé Àjángbádì.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bùsáyọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há sí i lọ́kàn. Igbá wo ló ń gbéèyàn?

Nígbà tí ìròyìn ìparí fíìmù náà dé Òkókómáíkò, ìyá wọn ránṣẹ́ pe Bùsáyọ̀. Màámi ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ nígbà tó dé, kò gbójú sókè. Ó ní bí ọmọ yẹn ò bá padà wálé, kí wọ́n dá ìwé ọmọ òun padà fún òun, òun ò ní sin Adéolú lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kejì sì ni wọ́n fẹ́ ya ìparí náà.

“Màámi, igbá ni Bọ̀dá kọ.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé igbá ni?”

“Kí ló wá jẹ́, mà?”

“Nǹkan bàbá yín ni.”

Inú gbólóhùn yẹn ni Bùsáyọ̀ dàgbà sí. Adẹ́mu ni bàbá wọn ní Ìjàníkin. Orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́ kí Bùsáyọ̀ tó mọ ìrìn. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ohun tó já mọ́ bàbá lára nínú ilé náà. “Nǹkan bàbá yín” ni Màámi ń pè é. Adéolú ti gbọ́njú mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bùsáyọ̀ kò mọ̀ ọ́n rí.

Ó ro ọ̀pẹ inú ìwé náà. Ó ro ohun tó gbé bàbá dé ìlú òkú.

“Màámi, ṣé okùn ni?”

Ìyá gbé àtẹ sílẹ̀.

“Okùn lásán kọ́. Igbà ni. Igbà ni bàbá yín fi ń gọ̀pẹ. Igbà ló já.” Ó tún un pè jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi ahọ́n wá ojú eyín tó ti yọ. “Igbà.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlátúnjí kọ́kọ́ ráhùn pé ta ló ń yí ìtàn padà lọ́jọ́ iṣẹ́. Bùsáyọ̀ ka ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó inú ìwé náà sí i létí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tó yẹ: “Gba igbà yìí.” Ọlátúnjí gbà pé kí ọmọ náà fi igbà gòkè padà wálé. Wọ́n wá igbà kan rí ní Ìjàníkin, wọ́n sì gbé e wá sí ìdí ọ̀pẹ tó kù lẹ́yìn Ìbà.

Màámi tẹ̀lé wọn. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sún mọ́ ìdí ọ̀pẹ rí. Bí wọ́n ti fẹ́ fi igbà náà yí Tófúnmi nídìí, ó ní kí wọ́n gbé e fún òun. Ó fi kọ́ ara ọ̀pẹ, ó fẹsẹ̀ ti ìdí igi, ó dijú, ó sì fi gbogbo ara fà á sẹ́yìn. Ọlátúnjí ṣẹ́wọ́ sí ẹni tó di kámẹ́rà mú pé kó dúró. Kò sẹ́ni tó ní kí ó ṣe kíá.

Nígbà tó yá, ó dẹ ọwọ́. Ó fi igbà náà yí ọmọ náà àti ọ̀pẹ ká, òun fúnra rẹ̀ ló so ó.

“Kò ní já,” ló wí. “Ó yá, ọmọ mi, máa gòkè bọ̀ nílé.”