Wá Yẹ Iṣẹ́ Mi Wò

Ẹ ò ní gbà á gbọ́: àgbàlá ilé àwọn Ìbíyẹmí ní Ìkàrẹ́ ni bàálù náà balẹ̀ sí. Apá rẹ̀ kan bo òrùlé ilé ìdáná, àwọn adìyẹ ń jẹ̀ lábẹ́ táyà rẹ̀, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́ bí ìgbà tí wọ́n ti lọ sóko. Ìbíyẹmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè padà.

Ibẹ̀ ló ti rí bàbá rẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti sin ín, àmọ́ aṣọ iṣẹ́ tó fi tún bàálù ṣe fún ọgbọ̀n ọdún ló wọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ inú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń fi sípánà fún nọ́ọ̀tì le. Bó ti máa ń ṣe náà ló ń ṣe, ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀ létè. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ìbíyẹmí.

Nígbà tí bàbá ṣe é tán, ó sọ̀kalẹ̀, ó na tọ́ọ̀ṣì sí i. "Ìbíyẹmí, wá yẹ iṣẹ́ mi wò."

"Bàbá mi, ta ni èmi? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́."

"Ṣé mo kọ́ ẹ pé kó o máa dijú?" Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrèǹgbè. Wò ó, jọ̀ọ́."

Ìbíyẹmí tan iná sínú ihò. Nọ́ọ̀tì náà ò le rárá, ìka méjì péré ló fi yí i. Ẹ̀rù bà á láti sọ ọ́, àmọ́ ó sọ ọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì.

"O ṣé é, ọmọ mi. O ò jẹ́ kí n pààyàn."

Ìbíyẹmí jí. Oòrùn ọ̀sán ti kún inú yàrá, omijé sì ti rin ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lórí ibùsùn níbẹ̀, ó wá rántí nǹkan kan. Láàárọ̀ yẹn, kó tó kúrò níbi iṣẹ́ òru, Ọ̀gá Fágbàmígbé, tó tó bí i lọ́mọ, ló fún nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì bàálù kan le. Òfin ni pé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ wò ó kó tó buwọ́ lùwé. Ìbíyẹmí buwọ́ lù ú láìwò ó. Àgbà ní òun ti ṣe é, kí ọmọ kékeré wá máa tan iná sí i lẹ́yìn? Ó kà á sí àfojúdi. Bàálù ọ̀hún sì ń gbé àádọ́rin èrò lọ ní aago mẹ́rin. Aago méjì ti kọjá.

Ó mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó pe Ọ̀gá Fágbàmígbé lórí fóònù bẹ́ẹ̀ náà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo buwọ́ lu iṣẹ́ yín, mi ò sì wò ó. Ẹ bá mi dá bàálù yẹn dúró, mò ń bọ̀ wá wò ó."



"Kò ní gbéra," ni Ọ̀gá sọ. "Máa bọ̀, Ìbíyẹmí. Ojú mi ò ríran nínú ihò yẹn mọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí kí ẹnì kan sọ pé òun fẹ́ wò ó."