Ẹ̀rọ Tí A Kò Jí

Ilé Rogatien ní Adja-Ouèrè ti dákẹ́ rọ́rọ́ láti oṣù mẹ́jọ tí ó ti kú. Oyèfúnkẹ́, aya rẹ̀, nìkan ni ó kù níbẹ̀, pẹ̀lú àga ọkọ rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀, èyí tí ó ti gbó débi pé ó ń kú fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti mú un.

Ogún ọdún ni Rogatien, olùkọ́, fi jókòó ti àwọn adẹ́mu ìlú Massè, tí ó ń kó ọ̀rọ̀ Ọ̀họ̀rí, èdè àdúgbò náà, jọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè kan. Kọ̀ǹpútà òde òní kò gba ètò tí ó fi ń kọ ọ́ mọ́. Nítorí náà ni ó ṣe kọ́ ẹ̀rọ sínú ẹ̀rọ: kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí kò ní ara, tí ó ń gbé inú èyí tí a ń fojú rí.

Ní ọ̀sán Sátidé, Oyèfúnkẹ́ ṣe ẹ̀dà ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ yìí, ó kó o sínú kọ̀ǹpútà tuntun tí Murielle, ọmọ wọn, fi ránṣẹ́ láti Cotonou. Ètò tí ń gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílé wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí Rogatien lò. Ètò náà kọ̀ jálẹ̀: òun kò lè jí ohun tí ètò mìíràn tẹ́ sùn.

Ó pe Murielle lórí fóònù, ó sì ròyìn fún un.

"Màmá, Bàbá ò pa ẹ̀rọ náà. Wọ́n kàn dá a dúró ni, bí ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó padà. Ẹ pa oorun yẹn rẹ́, á ṣí."

"Ohun tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Bí wọn ò bá tíì fi pamọ́, á bá oorun náà lọ."

"Èmi kọ́ ni n ó nu ọ̀rọ̀ bàbá rẹ nù."

"Ẹ̀yin àti kọ̀ǹpútà lẹ wá ń jà báyìí. Ó kúkú sàn ju kí ẹ máa bá ògiri sọ̀rọ̀."

"Ògiri kì í fún mi lésì bíi tìẹ."

Nígbà tí ohùn ọmọ náà kúrò létí rẹ̀, ilé tún dákẹ́. Ó rántí ìyá rẹ̀ ní Oko-Akarè, tí kì í gbé ọmọ tí ó ń sùn láti ilé kan lọ sí òmíràn láìkọ́kọ́ pè é lórúkọ, kí ó sì jí i, kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà ṣẹ́ kù sórí ẹní. Ojú oorun ni òun ti gbé ẹ̀rọ Rogatien.

Ó gbé kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀ tí ó ti gbó náà sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tútù, nítorí bí ooru bá pa á láàárín kan, ọ̀rọ̀ náà lọ nìyẹn. Ó jókòó tì í. Ó jí ẹ̀rọ inú rẹ̀.

Aago inú rẹ̀ ṣì wà ní ìrọ̀lẹ́ tí Rogatien dìde lọ wẹ̀, tí kò sì padà. Ìwé náà wà ní ṣíṣí síbi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan: *Ẹ̀kán ẹmu tí ń bọ́ lẹ́yìn tí adẹ́mu ti gbé akèrègbè kúrò. Wọ́n ní ti*

Ó parí síbẹ̀. Oyèfúnkẹ́ dúró bóyá ìyókù yóò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ó fi í pamọ́, ó pa ẹ̀rọ náà bí ó ti yẹ, ó sì ṣe ẹ̀dà mìíràn.

Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà tuntun gbà á. Aago inú rẹ̀ fò kọjá oṣù mẹ́jọ, ó bọ́ sí òní.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá Murielle," ni ó wí.

Gbólóhùn náà dúró níbi tí ó ti dúró. Oyèfúnkẹ́ fi ọwọ́ lé àtẹ ìkọ̀wé bí ẹni tí ó fẹ́ parí rẹ̀, ó sì tún gbé ọwọ́ kúrò.