Ẹyọ Kan Lórí Ogójì

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì, ìyàwó Baba Káfíńtà kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.

Obìnrin náà ló dá kíláàsì sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, fún àwọn ọ̀dọ́ tí ilé-ìwé lé jáde àti àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ìyá Kíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láàárọ̀, wọn á kàwé. Lọ́sàn-án, wọn á kọ́ iṣẹ́ igi. Bí ọdún bá yí po, ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ á rán olùdánwò wá. Ẹni tó bá yege, wọ́n á gbà á sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹni tó bá sì ti ju ọmọ ogún ọdún lọ, wọn kò ní gbà á láyè láti ṣe ìdánwò náà mọ́.

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sìnkú tán, Baba Káfíńtà ṣí gbọ̀ngàn náà. Ó gbálẹ̀, ó to bẹ́ǹṣì, ó dúró níwájú. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ sinmi.

"Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran," ló fi dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyá Kíláàsì a máa ní kí ẹnì kan ka iṣẹ́ òòjọ́ sókè fún gbogbo wọn, lónìí ẹni yìí, lọ́la ẹlòmíràn. Lójú ọkọ rẹ̀, ìmẹ́lẹ́ ni. Ó pín ìwé fún oníkálukú: kà á fúnra rẹ, ṣe é fúnra rẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Agídí fi gé pákó dúrọ́ọ̀, àpótí inú tábìlì, sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ tábìlì.

"Ojú rẹ ńkọ́?" ni Baba Káfíńtà bi í níwájú gbogbo wọn. "Àbí o kò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni?"

Agídí rọra gbé ayùn lélẹ̀, ó jáde, kò sì padà wá. Òun ló sì pẹ́ jù lọ níbẹ̀. Ọdún méjì ààbọ̀ ló ti ń bọ̀, àmọ́ ọjọ́ ìdánwò kì í bá a níbẹ̀. Oṣù tó tẹ̀lé ti ìdánwò ni yóò pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò ni bàbá tó mọ ohun tí òun ṣe. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, olùdánwò ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá, àwọn méje ti dé. Bàbá ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Amọ̀tán, nítorí kò sí ohun tí kì í mọ̀, sún mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Tó bá jẹ́ Agídí lẹ ń wò, kò ní wá."

"Kí ló dé?"

"Kò mọ̀wé kà. Nọ́ńbà ló mọ̀. Tó bá ti di lẹ́tà báyìí, ojú ẹ̀ á máa yí. Gbogbo wa la mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò mọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ṣé wọ́n ń sọ fún ẹni tó wà nínú òjò pé òjò ń rọ̀ ni, Bàbá? Màmá náà mọ̀. Ṣebí torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ní ká máa kà á sókè."

Bàbá jókòó. Ó gbé lẹ́tà ìgbìmọ̀ jáde lápò, ó wá ojú ìlà tó ti kà lẹ́ẹ̀kan tí kò kà sí nǹkan kan: ẹni tí kò bá lè kàwé lè ní ẹni tí yóò kà á fún un, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi béèrè, níwájú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n tó ṣí ìwé ìdánwò. Ó ká lẹ́tà náà. Ó ní kí wọ́n máa pọ́n ayùn wọn. Ó sì jáde.

Níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, tí Amọ̀tán ní Agídí ti ń ṣiṣẹ́, ló ti bá a. Obìnrin tó ni ibẹ̀ jókòó sórí táyà kan, ó ń pàṣẹ.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ọkọ̀ dà?"

"Mi ò ní ọkọ̀."

"Ẹni tí ò ní ọkọ̀, kí ló ń wá níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀? Àbí ẹ fẹ́ ká fi ọṣẹ sí yín lára ni?"

Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Agídí ti rí i. Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀ nínú omi ọṣẹ.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ó sì padà sídìí táyà tó ń fọ̀.

"Dìde, ká lọ. Aago mẹ́wàá ni ìdánwò."

"Ojú mi ò ríran, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá dúró. Kò bẹ ẹnikẹ́ni rí ní gbangba láti ìgbà tó ti di ọkùnrin. "Mo ṣì í sọ," ló wí. "Mi ò mọ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀."

Ọwọ́ Agídí dúró lórí táyà. Bàbá sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà fún un.

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn, nígbà náà."

"Wọ́n ní ẹnu tìrẹ ni."

"Níwájú Amọ̀tán?"

"Amọ̀tán ti mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀."

"Kí wọ́n mọ̀ yàtọ̀ sí kí n sọ ọ́." Ó gbójú sókè. "Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ tí mi ò fẹnu ara mi sọ, tèmi ṣì ni, Bàbá. Tí mo bá ti sọ ọ́, ó ti di tiwọn nìyẹn."

"Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

"Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà, ṣé èèyàn méje máa ń dúró wo ẹnu ẹ̀?"

Bàbá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ti lù. "Èmi ń lọ," ló wí. "Ẹsẹ̀ mi ò yá mọ́. Bó o bá fẹ́ wá, wàá bá mi lọ́nà." Ó yí padà, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ó gbọ́ ohùn obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀: "Tó o bá fi táyà yẹn sílẹ̀, kó o má padà wá síbí lónìí o!" Ó gbọ́ tí nǹkan já sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò bojú wẹ̀yìn síbẹ̀. Ìgbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ló tó rí òjìji kejì nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Olùdánwò náà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó kó pákó tuntun mẹ́jọ àti rúlà tuntun mẹ́jọ wá, ó pín in sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ó mú àpò ìwé ìdánwò dání.

"Kí n tó ya á," ló wí, "ta ló ń fẹ́ kí wọ́n bá òun kàwé?"

Bàbá ń wo ilẹ̀, kí ojú rẹ̀ má baà bá ti Agídí pàdé, kó má baà dà bí ẹni pé ó ń tì í. Ó gbọ́ tí ọwọ́ obìnrin náà kan etí àpò ìwé. Ó gbọ́ tí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí ya.

"Èmi ni."

Agídí ti dìde. Ọwọ́ rẹ̀ gbá etí tábìlì mú. "Mi ò lè kàwé," ló wí, ohùn rẹ̀ sì le bí ẹni tó ń jà.

Amọ̀tán tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ni yóò kà á fún ọ?"

"Bàbá yẹn."

Olùdánwò kọjú sí Baba Káfíńtà. "Ẹ ó kà á bó ṣe wà, Bàbá. Ẹ ò ní nawọ́ sí nǹkan kan. Ẹ ò ní fojú sọ̀rọ̀, ẹ ò ní húkọ́. Bó bá ní kí ẹ tún un kà, ẹ tún un kà. Bí kò bá ní bẹ́ẹ̀, ẹ dákẹ́. Tí mo bá gbọ́ ohun mìíràn lẹ́nu yín, màá fagi lé ìwé rẹ̀."

"Ó yé mi," ni Bàbá wí. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kẹta, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn, àfi ìgbà tó bá di ìwé mú. Ó kà á:

"Ṣe àpótí tí kò ní ìdérí. Pákó ẹ̀gbẹ́ méjì, ogójì sẹ̀ǹtímítà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pákó ìpẹ̀kun méjì, ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ti gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ọ. Gígùn pákó rẹ jẹ́ méjìlélógóje sẹ̀ǹtímítà. Kò sí pákó mìíràn. Wákàtí méjì."

Agídí mi orí. Ó gbé rúlà tuntun náà, ó fi ìdí rẹ̀ gún etí pákó, ó fa ìlà.

Ìlà náà wà lórí ọ̀kànlélógójì.

Bàbá mọ ibi tí ẹyọ kan náà ti wá. Àwọn rúlà kíláàsì ti gbó débi pé ìdí wọn ti jẹ tán, kò sẹ́ni tó lè rí ibi tí òdo wà mọ́. Ìyá Kíláàsì kò rí òmíràn rà, ó sì kọ́ wọn ní ọgbọ́n kan: ẹ gbé nọ́ńbà ení sí etí pákó, ẹ kọjá iye tí wọ́n bá pè pẹ̀lú ẹyọ kan. Fún ọdún méjì ààbọ̀, bí wọ́n bá ti pe ogójì, ọ̀kànlélógójì ni ọwọ́ Agídí ń lọ bá. Rúlà tòní pé pérépéré. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó sì tún fi ẹyọ kan lé e.

Ayùn bẹ̀rẹ̀ sí dún. Bàbá ṣe ìṣirò lórí ìdúró. Igi tó gùn ṣe é gé, igi tó kúrú kò ṣe é fà. Bó bá gé ìkíní bẹ́ẹ̀, ó ṣì lè tún un ṣe. Bó bá gé ìkejì bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ẹnu ayùn ń jẹ nínú igi, pákó kò ní ká a mọ́, ìdánwò ti parí nìyẹn, kò sì sí òmíràn láyé.

Ẹ̀gbẹ́ ìkíní já bọ́. Agídí gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé rúlà, ó tún fa ìlà. Ọ̀kànlélógójì.

Ogójì ọdún ni Bàbá fi kọ́ ọmọ níṣẹ́, kò sí àṣìṣe tó rí tí kò sọ lójú ẹsẹ̀. Olùdánwò kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Agídí gbé ayùn lé ìlà kejì, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, eyín ayùn mú igi.

"Pákó tèmi ò tó!" Amọ̀tán ló pariwo ní tábìlì kejì. Ó ti gé mẹ́ta, ó di ìyókù mú bí ẹni tí wọ́n jà lólè. "Wọ́n gé tèmi kúrú!"

"Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo yín gbà. Dákẹ́, tàbí kí o jáde."

"Ṣùgbọ́n mo wọ̀n ọ́n dáadáa, Àǹtí!"

"Jáde."

Amọ̀tán jáde. Agídí kò tíì mira. Ayùn ṣì wà nínú igi. Ó wo ìyókù pákó lórí tábìlì Amọ̀tán, ó wo tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ tún un kà."

Bàbá gbé ìwé sókè. Ó wù ú kó tẹ ogójì náà mọ́lẹ̀, kó fà á díẹ̀, kó sinmi lé e lórí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kà á bó ṣe kà á lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹni ń ka orúkọ òkú: "Pákó ẹ̀gbẹ́ méjì, ogójì sẹ̀ǹtímítà ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà.

Agídí gbé rúlà. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ sí ìdí rẹ̀, ó ń wá ibi tó jẹ. Kò rí i. Ó tún fi ọwọ́ pa á. Ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ tó ti gé, ó tẹjú mọ́ ọn, ètè rẹ̀ ń ka nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, ó rọra fa ayùn yọ, ó pa ìlà rẹ́, ó fa òmíràn, ó sì fa ọ̀kan sórí ẹ̀gbẹ́ tó ti gé náà.

Bàbá mí.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù nígbà tó gbá ìṣó ìkẹyìn. Olùdánwò wọn àpótí náà yí ká, ó yí i dojú dé, ó tì í kó rí i bóyá yóò mì. Ó kọ nǹkan sórí ìwé, ó ya á, ó fi lé Agídí lọ́wọ́, ó bọ́ sí tábìlì tó kàn.

Agídí wo ìwé náà. Ó nà á sí Bàbá.

"Ẹ kà á."

Bàbá kà á pẹ̀lú ohùn kan náà: "Ó yege. Kí ó wá síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, aago méje."

"Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà.

Amọ̀tán ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ṣì ní àyè. "Ọ̀gá ilẹ̀kùn," ló pè é, "má gbàgbé ẹni tó pariwo kí ìwọ tó gbọ́n o!"

"Fún ara ẹ lo pariwo," ni Agídí wí, ó sì sáré kọjá lára rẹ̀, ìwé náà lókè orí.

Ohun tó fi sílẹ̀ lórí tábìlì kẹta nìyí: ìyẹ̀fun igi ẹ̀kúnwọ́ méjì, ìṣó mẹ́ta, ọ̀kan ti wọ́, bébà tí wọ́n fi ń dán igi tó ti pá lójú kan, ike omi tí kò dé ìdajì, lẹ́ẹ̀dì kúkúrú tí wọ́n ti jẹ ní ìdí, ìbọ̀sẹ̀ kan tí ọṣẹ ti gan sára rẹ̀, àti ègé igi pẹlẹbẹ kan, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.