Ẹ̀rí tí Mo Jẹ́ Nípa Títíladé

Ohun tí ọmọ mi fi ẹkún sọ fún mi nínú ilé ni mo lọ fi jẹ́rìí níwájú ìjọ, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti finú hàn mí mọ́.

Ọdún 1961 ni. Jacob, ọkọ mi, kú ní oṣù kẹta ọdún náà. Abúlé wa kò jìnnà sí Moniya. Ẹ̀gẹ́ àti kòkó díẹ̀ la ń ṣe. Títíladé, ọmọ wa kan ṣoṣo, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó wà ní ìwé mẹ́fà. Kò sunkún nígbà tí wọ́n ń sin bàbá rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń yìn ín pé ó lọ́kàn bí ọkùnrin. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo rí i pé kì í jẹ́ kí n ká ẹní òun mọ́. Kí n tó jí, ó ti fọ aṣọ, ó ti sá a sẹ́yìn ilé. Mo bi í ní àárọ̀ ọjọ́ kan níbi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Títí, kí ló dé tí o ń fọ aṣọ lójoojúmọ́?"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá mi, mo ń tọ̀ sórí ẹní."

Ẹkún tí kò sun lójú oórì wá jáde. Ó ní òun máa ń lá àlá pé bàbá òun ń pe òun nínú oko, tí òun ń wá wọn, tí òun kò rí wọn.

N kò nà án, n kò bú u. Mo fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, mo gbá a mọ́ra. Mo ní àwa méjèèjì la ó jọ máa sá ẹní náà.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, mà."

"Ta ni n óo sọ fún?"

Oṣù méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń sá ẹní, à ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀: bó ṣe ń hanrun, bó ṣe ń bá ajá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àna rẹ̀ ni. Títí a máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹní ń gbẹ lójoojúmọ́. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a jọ ń sọ ló wò ó sàn. Mo rò pé omi ìyè tí mo ń gbà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ìjọ Aládùúrà ni wá. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, Wòlíì Lazarus ní ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe oore fún, tó wá pa á mọ́, oore náà yóò padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, ẹní yóò tún tutù. Mo dìde.

N kò lọ sílé ìwé. Bíbélì ni mo fi kọ́ ara mi ní ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀rọ̀ í sọ lọ́jọ́ náà. Mo ní Ọlọ́run tó mú Òkun Pupa gbẹ, òun náà ló mú ẹní ọmọ mi gbẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n hó. Wòlíì ní èmi ni ó yẹ kí n máa wàásù. Inú mi dùn sí ẹnu ara mi. Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó wo ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Títíladé tẹrí ba. Jìmí, ọmọ Wòlíì, ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnìkejì rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ti ń dúró dè é nílé ìwé.

"Títí, ṣé òjò rọ̀ sí yàrá yín lánàá?"

"Ẹ yà lọ́nà o, Òkun Pupa ń bọ̀!"

Ó dé ilé kí ọ̀sán tó pọ́n.

"Títí, kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan, mà."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní nítorí Ọlọ́run ni mo ṣe jẹ́rìí náà. Ó ní, "Mo ti gbọ́, mà." Kò padà sílé ìwé mọ́, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà. Gbọ́njúbọ́lá, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Adégbayì, wá mú un lọ kọ́ṣẹ́.

Ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Adéyẹmí, káfíńtà kan. Kò fi mí sílẹ̀ láìtọ́jú. Bí mo bá lọ kí i, á fún mi lómi, á se oúnjẹ tó dára. "Ṣé àlàáfíà ni?" "Àlàáfíà ni, mà." Ọdún méje, ìdáhùn kan náà.

Lọ́dún 1968, Mùjíbátù, aládùúgbò rẹ̀ tó máa ń wá ra gààrí lọ́wọ́ mi ní Moniya lọ tà, kúnlẹ̀ kí mi.

"Ìyá Títí, ẹ kú ìrọ́jú ti oyún tó tún bàjẹ́ yẹn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Ọlọ́run yóò fún un ní èyí tó máa dúró."

"Oyún wo?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Háà! Ẹ̀yin tí ẹ bí i, ẹ kò mọ̀? Ọ̀dọ̀ mi ló máa ń wá sunkún sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o."

"Ta ni n óo sọ fún?"

Lọ́jọ́ kejì mo wà ní Adégbayì. Mo fẹ́ bá a gbálẹ̀, kí n bá a fọ aṣọ, kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí bó ṣe ń rọra jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, n kò lè pa ẹnu mọ́.

"Títí, oyún mẹ́ta, o kò sọ fún mi?"

Kò gbójú sókè. "Ta ló sọ fún yín, mà?"

Mo na ọwọ́ mú ìgbálẹ̀. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó já òwú, ó ká aṣọ tó ń rán.

"Mo ti gbọ́, mà."

Ní ọjà tó tẹ̀lé e, Mùjíbátù kò ra gààrí. Ó kàn dúró níwájú igbá mi.

"Ọmọ yín kì í yà lọ́dọ̀ mi mọ́," ló wí. "Bí mo bá bi í léèrè, á ní àlàáfíà ni."